Ẹja Àrọ̀ àti Ọjà Òkè Òkun

Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ní ilẹ̀ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ìlú etí omi. Àwọn baba ńlá àwọn ará etí ọ̀sà a máa fi àwọ̀n àti ìgèrè wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nísinsin yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni ó ń sin ẹja nínú adágún bí ẹni ń sin adìẹ, pàápàá ẹja àrọ̀, nítorí ara rẹ̀ le, bí a bá sì bọ́ ọ dáradára, oṣù mẹ́fà tó fún un láti dé ọjà.

Ọwọ́ ìjọba nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1951 ni a dán ẹja sínsìn wò ní Oníkan ní Èkó. Ní 1975 a dá ilé ìwádìí òkun àti ẹja sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Ní 2017 Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó ètò APPEALS, Ìpínlẹ̀ Èkó sì yan ìrẹsì, adìẹ àti ẹja nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023 Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkun sílẹ̀, a sì fi Adegboyega Oyetola, tí ó ti jẹ gómìnà Ọ̀ṣun rí, ṣe mínísítà rẹ̀. Ìrètí ni pé àwọn ọ̀dọ́ etí omi yóò rí iṣẹ́ ṣe, ẹja yóò sì mú owó wọlé láti òkèèrè.

Owó lè gbẹ́ adágún, ó sì lè ra ọmọ ẹja. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè sọ ẹja di ìtẹ́wọ́gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gba ẹja adágún láti ilẹ̀ kan, àfi bí ìjọba ilẹ̀ náà bá ti fi hàn bí ó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ìyókù oògùn, tí a sì fọwọ́ sí i. Níhìn-ín ni ìrànlọ́wọ́ ìjọba ti ṣe pàtàkì jù: ilé àyẹ̀wò tí ó péye àti olùbẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ti àgbẹ̀ ni pé kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí ó ra ọmọ ẹja, irú oúnjẹ tí ó fi bọ́ wọn, àti oògùn tí ó lò. Kí ó má ṣe ta ẹja kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ omi rẹ̀, nítorí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ àgbá epo ńlá wà, ẹja tí ó bá sì ń rùn epo kò ní olùrà.

Ẹ̀yin obìnrin tí ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná, èéfín rẹ̀ a máa gbé májèlé tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ padà sára ẹja. Òfin Yúróòpù kò gbà ju ìdá 2 nínú bílíọ̀nù kan lọ nínú ọ̀kan lára wọn. Ní Senegal a ti ṣe ààrò kan pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ FAO, tí àwo kan ń gba ọ̀rá kí ó má bàa kán sórí iná, tí èéfín sì ń ti ibòmíràn wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi táyà tàbí ike dáná yan ẹja láé. Àwọn ọmọ ilé wa pàápàá ni yóò jẹ ẹ́.

Ààrò bẹ́ẹ̀ lè wọ́n fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní Eriwe, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olùsin ẹja kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, adágún wọn sì wà pọ̀ lójú kan. Ohun tí ẹgbẹ́ lè rà, ẹnì kan kò lè dá a rà.

Bí a bá dá ẹrù ẹja kan padà láti èbúté, kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí ó gbẹ́ adágún, ẹni tí ó lọ oúnjẹ ẹja, ayan-ẹja àti ọlọ́kọ̀, gbogbo wọn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí ìjọba ṣe tirẹ̀, kí àgbẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́, nítorí ẹni tí ó ṣe olóòótọ́ nínú ohun kékeré ni a ń fi ohun ńlá lé lọ́wọ́.