Ilé Ta Ni A Wò? Orúkọ Àdàpè àwọn Bàálù Ogun Jàpáànù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni ó sọ ọmọ lórúkọ, tí ọ̀tá náà kò sì mọ ilé tí ọmọ ti wá. Àpẹẹrẹ tí a mú ni orúkọ tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọjà rẹ̀ fún àwọn bàálù Jàpáànù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo ìṣòro tí ó bí àwọn orúkọ náà. Lẹ́yìn tí Jàpáànù kọ lu Pearl Harbor ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1941, ẹni tí ó bá rí bàálù ọ̀tá lókèèrè ní láti sọ irú èyí tí ó jẹ́ kíákíá, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó wà láàrin ìyè àti ikú. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ń lò ṣòro fún àlejò. Ọdún tí wọ́n gba bàálù sẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n sì ń ka ọdún láti ìgbà tí ìtàn wọn sọ pé ọba wọn àkọ́kọ́ gorí ìtẹ́. 1937 tiwa ni 2597 tiwọn. Nípa bẹ́ẹ̀, bàálù tí í lé bàálù mìíràn, èyí tí í ju bọ́ǹbù, àti èyí tí í balẹ̀ sórí omi, gbogbo wọn ni ó lè máa jẹ́ "Irú 97" lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1940, tí í ṣe 2600, ni ó fún Mitsubishi A6M ní òdo tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: Zero.

Ní àárín ọdún 1942, Kápítènì Frank McCoy, ọmọ Tennessee ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀tá ní Ọsirélíà, wá ojútùú sí i pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, Francis Williams àti Joseph Grattan. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n lò. Bàálù ìjà ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin. Ajubọ́ǹbù ń jẹ́ orúkọ obìnrin. Akẹ́rù ń jẹ́ orúkọ obìnrin tí T bẹ̀rẹ̀, bí Topsy. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ ń jẹ́ orúkọ igi, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì sì ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá gbọ́ Ìgè, a ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi wáyé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó gbọ́ "Kate" ti mọ̀ pé bọ́ǹbù ń bọ̀.

A kò gbọdọ̀ pe èyí ní ẹnà. Iṣẹ́ ẹnà ni láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí kò yẹ kí ó gbọ́. Iṣẹ́ àdàpè yìí ni kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́, àní bí ariwo bá gba inú rédíò.

Síbẹ̀, orúkọ a máa tú àṣírí ẹni tí ó sọ ọ́. Zeke, Nate, Rufe àti Jake jẹ́ orúkọ àwọn ará oko ní agbègbè McCoy. Ilé tirẹ̀ ni ó wò. Wọ́n tilẹ̀ sọ Messerschmitt 109 ti Jámánì ní Mike, nítorí wọ́n rò pé Jàpáànù yóò máa lò ó lójú ogun. Nígbà tí wọ́n rí Zero kan tí wọ́n gé ṣóńṣó apá rẹ̀, wọ́n ṣe bí bàálù tuntun ni, wọ́n sì pè é ní Hap, tí í ṣe ìnagijẹ Ọ̀gágun Arnold, olórí àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà. Wọ́n yí i padà sí Hamp. Nígbà tí òtítọ́ hàn, ó di Zeke 32.

Kí wá ni àwọn tí ó ni bàálù ń pè é? Oscar, tí ó wà lára àwọn tí ó jà ní Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà ti jà, ni wọ́n ń pè ní Hayabusa, irú àṣá kan. Tony ni Hien, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń fò. Èyí tí ó wúwo jù lọ ni ti 1945: bàálù kékeré kan tí ó kún fún bọ́ǹbù, tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kì í padà bọ̀. Àwọn tí ó rán an níṣẹ́ pè é ní Ohka, òdòdó igi ṣẹ́rì. Àwọn ará Amẹ́ríkà pè é ní Baka, ọ̀rọ̀ Jàpáànù fún òmùgọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kú nínú rẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi Betty parí àpẹẹrẹ wa. Nínú bàálù yìí ni Ọ̀gágun Yamamoto kú sí lókè Bougainville ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 1943. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, 1945, Betty méjì tí a kùn ní funfun, tí a ya àgbélébùú aláwọ̀ ewé sí lára, gbé àwọn aṣojú Jàpáànù lọ sí Ie Shima láti gba ìlànà ìtúúbá. Orúkọ tí Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa jẹ́ lórí rédíò ni Bataan, ibi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Filipínì ti túúbá fún Jàpáànù ní 1942.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé orúkọ lè péye fún iṣẹ́ tí a fi rán an, kí ó gba ẹ̀mí là pàápàá, síbẹ̀ kí ó má sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ìwé ìtàn ogun ṣì ń lo Betty àti Oscar títí di òní. Nítorí náà, ó yẹ kí òǹkàwé máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ, kí sì ni wọ́n ń pè é nílé?