Ọ̀nà Méjì Inú Ọ̀fun

Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù fi ìka méjì kan gògóńgò rẹ̀, kí ó sì gbé itọ́ mì. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé gògóńgò náà gbéra sókè, tí ó sì tún padà sáyè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà méjì ni ó wà nínú ọ̀fun. Ti iwájú ni ọ̀nà èémí, tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ti ẹ̀yìn ni ọ̀nà oúnjẹ, tí ó lọ sí ikùn. Bí a bá rún ẹran lẹ́nu tán (iyán ní tirẹ̀, a kì í rún un), ahọ́n á tì í sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀, àjà ẹnu tí ó rọ̀ lẹ́yìn á dí ọ̀nà imú, gògóńgò á gbéra, ìdérí kékeré kan á sì bo ẹnu ọ̀nà èémí. A ó dá èémí dúró fún ìwọ̀nba àkókò náà. Ọ̀nà oúnjẹ, tí gígùn rẹ̀ tó íǹṣì 10 lára àgbàlagbà, á wá máa fún òkèlè náà lọ sísàlẹ̀, bí ìyàwó ilé ti ń fi ìka fún ìfun ẹran nígbà tí ó bá ń fọ̀ ọ́.

A máa ń sọ pé omi pá ni lórí. Kì í ṣe orí ni ó gbà lọ. Ọ̀nà èémí ni ó fẹ́ yà sí, ikọ́ ni ó sì lé e jáde. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rírọ. A ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, a ó da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ di imú rẹ̀ kí ó lè tètè gbé e mì. Ọmọ tí ń ké ti ṣí ọ̀nà èémí sílẹ̀ gbayawu. Èyí tí a sì di nímú, ẹnu ni yóò fi mí, níbi tí ẹ̀kọ wà. Ẹ̀kọ tí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà, ó sì lè pa ọmọ. Ẹ ó ní báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ àwa náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a yè é nìkan ni a rí i sọ.

Àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ńkọ́? Ọ̀fun rẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ sí i lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí ẹ sì dúró kí ó gbé ti ẹnu mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bí ó bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹun, kí dókítà rí i.

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, iṣan kan wà tí ó dà bí okùn ẹnu àpò. Ó ń tú fún oúnjẹ, ó sì tún ń so padà, kí omi kíkan inú ikùn má baà gòkè. Bí okùn yìí bá dẹ̀, àyà á máa ta ni, omi kíkan á sì máa dé ọ̀fun. Oyún, ìsanra, ọtí, sìgá àti oúnjẹ ọlọ́ràá a máa fà á. Ẹni tí ó jẹ iyán ní aago 9 alẹ́, tí ó sùn ní aago 9 àbọ̀, òun ni ó pè é wá. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 3 kọjá kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè ní íǹṣì 6. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni tí ó sì ń ràn dé apá, tí òógùn bo ni, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ, nítorí ó lè jẹ́ ọkàn.

Nígbà mìíràn, ṣe ni okùn náà kọ̀ tí kò tú. Ní ọdún 1674, Thomas Willis, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ó ní irú àìsàn yìí. Ó so kànìnkànìn mọ́ orí egungun àbùùbùtán fún un, ìyẹn ni ọkùnrin náà sì fi ń ti oúnjẹ rẹ̀ wọ ikùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, àwọn dókítà lè fẹ iṣan náà tàbí kí wọ́n là á. Àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú a máa dí ọ̀nà oúnjẹ: ẹran ni yóò kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà iyán, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ, tí ènìyàn á sì máa rù. Nígbà tí ẹran bá ti ń há lemọ́lemọ́ ni kí ẹ ti lọ.