Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí kánsẹ́lọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ rèé

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Sóbà, Abúlé Adó. Èèyàn tó lé ní ogún ló kú, ilé wó lulẹ̀, Bethlehem Girls College náà bàjẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, sì bá a lọ. Kí oṣù ọ̀hún tó parí, ìjọba ti ti ìlú Èkó pa nítorí kòrónà. Àsìkò tó yẹ káwọn èèyàn jókòó ti ara wọn, inú ilé ni kálukú wà.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń já tí ilẹ̀kùn bá gbá, tí kì í rí oorun sùn, tó ń sá tó bá gbóòórùn gáàsì, ìtọ́jú wà fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ ni.

Kánsẹ́lọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù o. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìgbani-nímọ̀ràn ni. Òun kì í fúnni lóògùn; dókítà ọpọlọ ló lè ṣe ìyẹn, wọ́n á sì darí yín sọ́dọ̀ rẹ̀ tó bá pọn dandan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó sì jókòó fún bíi wákàtí kan. Wọ́n á bi yín léèrè ohun tó gbé yín wá, bẹ́ ẹ ṣe ń sùn, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé, oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Wọ́n tún lè béèrè bóyá ó ti ṣe yín bíi kẹ́ ẹ gbẹ̀mí ara yín. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ nìyẹn, ẹ dáhùn bó ṣe rí gan-an.

Àṣírí ńkọ́? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ kò gbọ́dọ̀ dé etí ọkọ, ìyàwó, lándílọ́ọ̀dù tàbí pásítọ̀. Àfi tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá béèrè. Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé èyí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ béèrè. Ẹ béèrè owó náà, kẹ́ ẹ sì sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́ sọ tó bá jẹ́ pé òun ló rọ̀ yín lọ́rùn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé wọn kì í pàṣẹ. Ẹni tó bá ń retí "lọ ṣe báyìí" bíi tọ̀dọ̀ wòlíì lè fìbínú kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíì máa ń sunkún, ó sì lè rẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá délé ju bẹ́ ẹ ṣe lọ. Ìyẹn ò ní kí ìtọ́jú má ṣiṣẹ́. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n lè fún yín níṣẹ́ àṣetiléwá: kẹ́ ẹ kọ ìgbà tẹ́rù ń bà yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ń sá fún díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábá, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Mo mọ̀ pé orúkọ "Yábá Lẹ́fúùtì" ń kóni láyà jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ síṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́nì kan bá sọ pé òun fẹ́ para òun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́nì kan sì dúró tì í.