Ìṣákọ́lẹ̀ Etí Odò

Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí wọ́n wá mú lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, lè wo ọ̀tún wo òsì kó bi òbí rẹ̀ pé ilé ìsìn ọ̀hún dà. Kò jẹ̀bi. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ju ilé alámọ̀ kékeré kan, odò tó rọra ń ṣàn lábẹ́ igi, ère díẹ̀, àti àwọn èèyàn tó kúnlẹ̀ sétí omi. Ọ̀pọ̀ òbí á kàn dáhùn pé, "Odò ni wọ́n ń bọ níbí," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dunjú tó máa ṣiṣẹ́ ju "ìbọ" lọ: ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀ kò rà á. Onílẹ̀ á fi ààlà hàn án, á sì sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe fún un: kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pẹ. Lọ́dọọdún, nígbà tí irè oko bá dé, á ru iṣu, á gbé epo, á kó o lọ sílé onílẹ̀. Iṣu mélòó kan kì í sọ onílẹ̀ di olówó. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ẹni tó ń san án ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Ọdún tó bá kọ̀ tí kò san, ohun tó ń sọ ni pé òun ti di onílẹ̀, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo ìtàn bí Òṣogbo ṣe bẹ̀rẹ̀. Láròóyè àti ọdẹ kan tó ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí àìrómi, wọ́n sì tẹ̀dó sétí Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò. Ohùn kan jáde láti inú omi, ó pè wọ́n ní oṣó inú igbó, ó ní wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ẹ fetí sí irú ẹjọ́ tí ohùn náà rò. Kò gégùn-ún, kò dúnkookò. Ẹjọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni: ẹni tó to ìkòkò kalẹ̀, tó po aró sílẹ̀, tí àjèjì wá bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìtàn náà ń sọ fún wa pé ilẹ̀ yẹn kò ṣófo kí Láròóyè tó dé; obìnrin kan, Ọ̀ṣun tó ni odò náà, ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ tí onílé fi bá wọn wí ni ìlú ọ̀hún sì ń jẹ́ dòní. Àdéhùn ló tẹ̀lé e: wọ́n á ṣí kúrò létí omi lọ sókè, wọ́n á máa padà wá lọ́dọọdún, òun náà á sì máa dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí Láròóyè ọba wọn mú ọrẹ wá, ẹja yọ sókè nínú odò, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni oyè Àtàọ́ja ti wá. Aláàfin ló ni ààfin, Olówu ló ni Òwu. Oyè ọba Òṣogbo kò sọ pé ó ni nǹkan kan, ó sọ pé ó tẹ́wọ́.

Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, odò kọ́ ló ń wá sáàfin. Wọ́n á tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, wọ́n á kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jọ, títí di ọjọ́ tí Arugbá á jáde. Ọmọbìnrin ìdílé ọba tí kò tíì mọ ọkùnrin ni. Igbá ọrẹ ìlú wà lórí rẹ̀, aṣọ bo igbá náà mọ́lẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà kọ. Bó ṣe ń kọjá, àgàn ń nawọ́ sí i, aláìsàn ń gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ààfin títí dé etí odò ló ń rù ú, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń ru iṣu lọ sílé onílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún, òfin onílẹ̀ ṣì wà: a kì í pẹja níbẹ̀, torí ikọ̀ Ọ̀ṣun ni ẹja rẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í gégi. Ìdí nìyẹn tí igbó hẹ́kítà 75 fi ṣì dúró lẹ́bàá ìlú ńlá, tí oríṣi igi àti ewé tó ju 400 lọ ṣì ń hù nínú rẹ̀. Irú igbó bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù.

Òbí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè ní ìbọ̀rìṣà ni, kí n má fi ìṣákọ́lẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò bò ó. Ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun ń bọ òrìṣà, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò tó ń ṣíwájú ìbọ rẹ̀ kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbọ nìkan ni, ìlú tó kún fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì báyìí ì bá ti pa á tì tipẹ́. Ọba tó ń jẹ́ Jimoh, ìyẹn Ọba Jimoh Ọláńipẹ̀kun tó gorí oyè ní 2010, ló ń ṣíwájú ọdún náà, torí orí ìtẹ́ ni àdéhùn wà, kò sí lórí ẹ̀sìn ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá àgbẹ̀ lọ san ìṣákọ́lẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di àgbẹ̀; ó kàn mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Àwọn míì á tún béèrè pé, bí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil bá lè bá Ochún àti Oxum pàdé létí odò ibẹ̀, kí ni a tún ń wá lọ sí Òṣogbo? Òrìṣà lè bá ọmọ rẹ̀ la òkun já. Ilẹ̀ kò lè tẹ̀lé ẹnikẹ́ni, odò Cuba kọ́ sì ni wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró.

Wọ́n tún máa ń ní òyìnbó ló ṣe igbó yẹn. Àdùnní Olórìṣà ni wọ́n ń wí, Susanne Wenger tí wọ́n bí ní Graz ní Austríà ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú ní Òṣogbo ní 2009. Lóòótọ́, àwọn ère sìmẹ́ǹtì gàgàrà tí ẹ ń rí níbẹ̀ kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé wọn dúró, ìjọba ti gba lára igbó náà fún ọ̀gbìn igi, ọlọ́dẹ ń wọlé, olè ń jí ère ojúbọ gbé. Àdùnní àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà àti Buraimoh Gbàdàmọ́sí tó jẹ́ káfíńtà gbé iṣẹ́ wọn síbi tí ẹni tó fẹ́ gégi á ti kò wọ́n lójú. Lójú tèmi, ère wọ̀nyẹn jọ pèrègún tí a gbìn sí ààlà oko ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992, UNESCO sì fi í kún ogún àgbáyé ní 2005.

Èyí tó le jù ni ti omi. Ààlà lè dá agégi dúró, kò lè dá ìdọ̀tí odò dúró. Láti òkè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń wọ inú rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ wọn. Omi náà ti pupa bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu ún. Ẹlòmíràn á ní àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú ló ń jẹ lára odò yìí, Òṣogbo sì ń ru ìṣákọ́lẹ̀ tirẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá mú ọmọ yín délé lóṣù kẹjọ, ẹ mú un lọ wo Arugbá, ẹ sì fi ibi tí ìkòkò aró ti fọ́ hàn án. Ṣùgbọ́n omi náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú fún un mu.