"Sì" Kì í Ṣe "Àti": Ìperí Yorùbá fún Ìbéèrè Lọ́wọ́ Àká Dátà

Iṣẹ́ olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìbéèrè lọ́wọ́ àká dátà kọjá kí ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tó mẹ́wàá: SELECT, FROM, WHERE, AND, OR, NOT, NULL. Gbogbo wọn ni ó dà bí ẹni pé ìtumọ̀ wọn kò le. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gírámà Yorùbá ti ṣe ìyàtọ̀ kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe, àti pé bí a bá fi ìtumọ̀ òjú-ọ̀rọ̀ pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, àṣìṣe tí kò kàn wá ni a ó máa kó fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1970 ni E. F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ IBM ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, tẹ èrò rẹ̀ jáde. Ṣáájú àkókò náà, ẹni tí ó bá ń wá ohun kan nínú àkójọ ńlá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ó dé ibi tí wọ́n fi nǹkan náà sí. Codd ní kí a to gbogbo rẹ̀ sí àtẹ, kí ẹni tí ń béèrè sọ ohun tí ó ń fẹ́, kí ó sì fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, gbé èdè ìbéèrè kan jáde tí wọ́n pè ní SEQUEL. Orúkọ yìí ni a gé kúrú sí SQL lẹ́yìn náà. Àjọ ANSI ní Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1986, àjọ ISO sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1987. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà ń retí nínú èdè yìí. Nítorí náà, ìperí tí a ń wá kì í ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, bí kò ṣe èyí tí yóò fi ronú kí ó tó tẹ ohunkóhun.

Ní ti orúkọ àwọn nǹkan, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. "Àká dátà" dára, nítorí inú àká ni a ń kó ohun tí a ó tún padà wá mú sí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a yẹra fún ni "ìbátan", tí àwọn kan fẹ́ fi túmọ̀ "relational". Èrò wọn ni pé àwọn àtẹ inú àká náà ń bá ara wọn tan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìmọ̀ ìṣirò nípa sẹ́ẹ̀tì ni Codd ti yá ọ̀rọ̀ náà, àtẹ kan ṣoṣo ni ó sì ń tọ́ka sí. Àká tí ó ní àtẹ ẹyọ kan péré kò yẹ̀ kúrò nínú irú rẹ̀. "Àká alátẹ" ni a fara mọ́. "Àtẹ" fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti kọ́ àtẹ fáwẹ́lì àti àtẹ kọ́ńsónáǹtì; kí a fi tábìlì sílẹ̀ fún káfíńtà. "Ìlà" ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, "òpó" sì ni ti irú ohun kan náà láti òkè délẹ̀. Bí a bá sì pe "key" ní kọ́kọ́rọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè ilẹ̀kùn. Àmì ìdánimọ̀ ni.

Ẹ wá jẹ́ kí a mú àtẹ kan tí ó ní òpó márùn-ún: nọ́ńbà, orúkọ, ìlú, ọjọ́ orí àti máàkì. Ìbéèrè tí ó rọrùn jù lọ nìyí:

(1) SELECT oruko FROM akekoo WHERE ilu = 'Iwo'

(2) Nínú àtẹ akẹ́kọ̀ọ́, ṣa orúkọ àwọn tí ìlú wọn jẹ́ Ìwó.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní àkíyèsí nínú (2). "Ṣà" ni a lò, kì í ṣe "yàn", nítorí yíyàn ní ìfẹ́ inú ẹni tí ń yàn nínú, ṣíṣà sì ń tẹ̀lé ohun tí a là kalẹ̀. Èkejì, "tí" ni WHERE, kì í ṣe "níbi tí". Kò sí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe lásán ni. Ẹ̀kẹta ni pé "nínú" ṣáájú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé SELECT ni a kọ́kọ́ ń kọ, FROM ni ìtumọ̀ ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀, WHERE tẹ̀ lé e, SELECT sì wà lẹ́yìn wọn. Gbólóhùn Yorùbá bá ètò yìí mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. (Olùkà yóò rí i pé a kò fi àmì sórí 'Iwo'. Lójú ọ̀pọ̀ irú àká bẹ́ẹ̀, 'Ìwó' àti 'Iwo' kì í ṣe ọ̀kan náà. Kódà, "ẹ" tí a tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan lè yàtọ̀ sí "e" tí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ dátà pẹ̀lú àmì gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà kan kí ó sì dúró lórí rẹ̀.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé wá nìyí. Ká ní ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé: "Mo fẹ́ orúkọ àwọn ọmọ Ìwó àti àwọn ọmọ Ẹdẹ." Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé AND ni "àti" yóò kọ ọ́ báyìí:

(3) SELECT oruko FROM akekoo WHERE ilu = 'Iwo' AND ilu = 'Ede'

Kọ̀ǹpútà kò ní bá a wí. Yóò kàn mú àtẹ tí kò ní ìlà kankan wá, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbà pé kò sí ọmọ Ìwó tàbí ọmọ Ẹdẹ kankan ní ilé-ìwé náà. Ìdí ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wò, kò sì sí ìlà tí òpó ìlú rẹ̀ ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń ṣe àṣìṣe yìí, wọ́n sì ní àwíjàre, nítorí "and" kan náà ni èdè wọn fi ń so orúkọ mọ́ orúkọ, tí ó sì fi ń so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àpólà-orúkọ ni "àti" ń so pọ̀: Adé àti Òjó, iṣu àti ẹ̀pà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé *Òjó jókòó àti jẹun. Òjó jókòó, ó sì jẹun ni à ń wí. Ohun tí AND inú SQL sì ń so pọ̀ kì í ṣe orúkọ rárá. Gbèdéke ni, gbèdéke kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ odindi awẹ́ gbólóhùn. Nítorí náà, "sì" ni AND. Ẹ wá ka (3) ní Yorùbá:

(4) Ṣa orúkọ àwọn tí ìlú wọn jẹ́ Ìwó, tí ó sì jẹ́ Ẹdẹ.

Etí ọmọ Yorùbá kò ní gba èyí láìbéèrè bí ìlú ẹnì kan ṣe di méjì. Àṣìṣe náà ti hàn kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ. "Tàbí" ni yóò bọ́ sí ẹnu rẹ̀, OR sì ni ohun tí ó yẹ kí ó kọ.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gírámà wa yóò gbà wá nínú gbogbo rẹ̀. "Tàbí" ń so orúkọ, ó sì ń so gbólóhùn; nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ilu = 'Iwo' OR 'Ede', èyí tí kò tọ̀nà. Olùkọ́ ni yóò tẹnu mọ́ ọn pé kí a tún "ilu =" kọ lẹ́yìn OR. Àwọn kan tún lè sọ pé "sì" kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìperí, nítorí pé iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibùgbé rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìlèdádúró rẹ̀ yìí gan-an ni ó ń ràn wá lọ́wọ́: ó ń fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ gbèdéke kejì ní pípé.

NULL ni ó kù, òun ni ó sì lè pa ènìyàn lára jù. Wọ́n ti dábàá "òdo", wọ́n sì ti dábàá "òfo". Ẹ wo ọmọ mẹ́ta: ọ̀kan gba 60, ọ̀kan gba 40, ìkẹta ń ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò, a kò sì kọ nǹkan kan fún un. Bí a bá bi kọ̀ǹpútà ní ìpíndọ́gba máàkì, 50 ni yóò sọ, nítorí ó fo ìkẹta. Bí akọ̀wé bá ti gbọ́ "òdo" tí ó sì tẹ 0, ìpíndọ́gba di 33.3, aláìsàn sì di ẹni tí ó fìdí rẹmi. Ní ìdà kejì, bí a bá béèrè àwọn tí máàkì wọn kò tó 40, ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Bí a béèrè àwọn tí tiwọn tó 40 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Fífi NULL wé iye kankan kì í ṣe òótọ́, kì í ṣe irọ́. Àìmọ̀ ni, ìlà tí ó bá sì jẹ́ òótọ́ nìkan ni WHERE ń gbà wọlé. Ọmọ náà pòórá nínú ìwé méjèèjì.

"Àìkọ" ni a dábàá. Kò sọ pé ohun náà kò sí, kò sọ pé ó jẹ́ òdo, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn sọ pé a kò kọ ọ́. IS NULL yóò wá di "tí a kò kọ": ṣa orúkọ àwọn tí a kò kọ máàkì wọn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbọ́ èyí tí yóò tún fẹ́ kọ maaki = NULL, nítorí ohun tí a kò kọ kò lè dọ́gba pẹ̀lú nǹkan kan. Kí a má ṣe gbàgbé àmì ohùn o: àìkọ́ àti àìkọ̀ ń bẹ nílé.

"Tí" tún ní ìṣòro kan tí a gbọ́dọ̀ yanjú, nítorí pé òun ni WHERE, òun náà ni ó sì fẹ́ jẹ́ HAVING. Ìyàtọ̀ àárín wọn wà nínú orúkọ tí "tí" ń ṣàpèjúwe. Bí a bá ń wá ìlú tí ọmọ tí ó ju ọdún 15 lọ níbẹ̀ ju 20 lọ:

(5) Nínú àtẹ akẹ́kọ̀ọ́, pín àwọn tí ọjọ́ orí wọn ju 15 lọ sí ọ̀wọ́ ní ìlú-ìlú. Ṣa àwọn ọ̀wọ́ tí iye ènìyàn wọn ju 20 lọ.

"Àwọn tí" ń sọ nípa ìlà, WHERE ni. "Ọ̀wọ́ tí" ń sọ nípa ohun tí GROUP BY ti kó jọ, HAVING ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé COUNT(*) > 20 sí abẹ́ WHERE, kọ̀ǹpútà yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un.