Ikùn Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Láìpẹ́ yìí, ìyá àgbà kan wá ra gripe water lọ́wọ́ mi ní Ṣómólú. Ọmọ ọmọ wọn, tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́fà, ṣì wà ní ilé ìwòsàn, ikùn rẹ̀ sì ti ń wú. Wọ́n fẹ́ rọra kán an sí i lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì bá yíjú. Mi ò tà á. Mo ní kí wọ́n pe ìyá ọmọ, kó sọ fún dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní NEC ni mo ń bẹ̀rù. Ìfun ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28 kò tíì gbó. Kòkòrò máa ń ráyè wọ̀ ọ́, ìfun á wú, apá kan rẹ̀ lè kú, kí ihò sì lu sí i. Ó sábà máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ará ilé ti ń rò pé ewu ti kọjá. Ẹ ṣọ́ ikùn tó le, èébì aláwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, àti ọmọ tó rẹ̀ jọwọrọ tàbí tí mímí rẹ̀ ń dá dúró.

Dókítà á dá oúnjẹ ẹnu dúró, á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ àti omi kúrò ní ikùn, á fi dríìpù bọ́ ọmọ, á sì fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ẹ má sọ pé wọ́n ń febi pa á. Ìfun ni wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Bí ihò bá ti lu, iṣẹ́ abẹ ló kù, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ń ṣe ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ọmọ ìyá àgbà yẹn kò dé ibẹ̀, alhamdulillah.

Wàrà ìyá ọmọ gan-an ló ń dín ewu yìí kù. Wàrà agolo ń fi kún un. Kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmú láti wákàtí àkọ́kọ́, bí ìkán díẹ̀ ló tilẹ̀ jáde, kó sì máa fún un tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n, tí àwọn kan ń dànù, ẹ má dà á nù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ife. Àlùwàlá nìkan kò tó fún èyí.

Bí ọmú kò bá sun, tí obìnrin mìíràn fẹ́ fún ọmọ ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kọ́kọ́. Ẹ rántí Suratu Nisai, aaya 23: ó ti di ìyá ọmọ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè fẹ́ ẹ. Ní ọ̀nà Imaamu Maaliki tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, díẹ̀ náà ti tó. Ẹ kọ orúkọ ìdílé méjèèjì sílẹ̀. Àìmọ ẹni tó ni wàrà wà lára ohun tó mú kí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ní Jeddah kọ báńkì wàrà ní 1985.

Dàbínù tí a fi ń ra ọmọ tuntun lẹ́nu, suna ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyin, àgbo, àti omi Zamzam.