Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos: Ìṣúra tó wà lẹ́yìnkùlé wa

Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu wa lọ́sẹ̀ yìí: ìgbà wo lẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà láàárín ìlú yìí kẹ́yìn? A bi ara wa náà. Nínú àwa mẹ́rin tá a jókòó múra ojú ìwé yìí sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ti débẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, ọgbà ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló sì mú àwọn ọmọ ẹ̀ lọ wò. Àwa yòókù, ìgbà tá a wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ojú tì wá. Ohun tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò, àwa tá a ń gba iwájú ẹ̀ kọjá kì í yà síbẹ̀.

Ìdí tá a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé ìtàn ilé náà kan àwa náà. Tánganran, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ló sọ Jos di ìlú ńlá. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọ́n nílò ọkọ̀ tí yóò máa kó o. Ní 1914, ojúirin kékeré láti Zaria dé Bukuru. Ní 1927, ojúirin ńlá gba Kafanchan wọ Jos. Ojúirin yìí ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa dé láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ibòmíràn. Àwọn kan wá tajà, àwọn kan wá ṣiṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan wá ṣe akọ̀wé. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá tánganran yẹn gan-an ni ìtàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1928, ní abúlé Nok tó wà ní ìpínlẹ̀ Kaduna òde òní, àwọn tó ń wa tánganran hú orí ọ̀bọ kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Òyìnbó tó ni ibi ìwakùsà náà, Dent Young, gbé e wá sí Jos, wọ́n sì fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwakùsà. Ibẹ̀ ló wà fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí.

Ní 1943 ni nǹkan yí padà. Akọ̀wé kan ní ibi ìwakùsà nítòsí Jemaa rí orí èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Kí ló fi ṣe? Ó gbé e lọ sóko iṣu ẹ̀, ó gbé e sórí igi, ó ní kó máa bá òun dẹ́rù ba ẹyẹ! Bí ọdún kan ni òjò fi ń pa á tí oòrùn ń pa á. Ẹ má fi akọ̀wé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mélòó nínú wa ni kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá ibi ìwakùsà ló kíyè sí orí náà lóko, ó rà á, ó sì gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Jos, Bernard Fagg, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀. Bí Fagg ṣe rí i, ó rántí orí ọ̀bọ ọjọ́sí. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ojú wọn jọra. Iṣẹ́ àwọn èèyàn kan náà ni. Ó wá ránṣẹ́ sí gbogbo ibi ìwakùsà pé ẹnikẹ́ni tó bá hú ohunkóhun, kó má fọ́ ọ, kó má jù ú nù, kó jẹ́ kóun gbọ́. Àwọn lébìrà gbọ́, wọ́n sì ń mú un wá. Nígbà tó yá, ohun tó kó jọ ti lé ní 150.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi kó àwọn ère Benin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1897. Ti Jos kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn tálákà tó ń fi dígà àti ṣọ́bìrì wá oúnjẹ òòjọ́ ló kó ọ̀pọ̀ ohun Nok jọ. Bí wọ́n bá ti dákẹ́, kò ní sí ohun tá à ń rò lónìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé náà fún gbogbo èèyàn. Ti Èsìẹ́ ní Kwara, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn ère òkúta ibẹ̀, ló ṣáájú ẹ̀. Ti Oníkàn l'Ékòó kò dé àfi 1957. Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn Jos yóò mọ ère Nok lójú ẹsẹ̀: ojú onígun mẹ́ta tí wọ́n lu ihò sí láàárín, ihò nímú, ihò létí. Inú wọn ṣófo, kí iná lè jó wọn dáadáa láìfọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 2,000 ọdún. Fagg tún wú ilẹ̀ ní Taruga, níbi tó ti rí ààrò tí àwọn èèyàn Nok fi ń yọ́ irin láyé ìgbà yẹn. Àwọn orí Ifẹ̀ tá a fi ń yangàn, tó jẹ́ iṣẹ́ bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àbúrò ni wọ́n jẹ́ sí wọn. Ẹ jẹ́ ká máa rántí ìyẹn nígbà tá a bá ń sọ pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀làjú ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ère nìkan. Ìyá òyìnbó kan, Sylvia Leith-Ross, tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní 1907, fi ọjọ́ ogbó ẹ̀ kó ìkòkò jọ fún ilé náà láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ìwé tó kọ lórí wọn jáde ní 1970. Ní 1963, Àjọ UNESCO ṣí iléèwé kan sí Jos, tí àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni Dmochowski, ọmọ Poland tó mọ ilé yà, kọ́ àwòkọ àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà sínú ọgbà náà. Mọ́sáláṣí Zaria àti ògiri Kano wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣúra bá wà, olè kì í jìnnà. Ní 1987, wọ́n wọ ilé náà, wọ́n kó ohun iyebíye mẹ́sàn-án lọ. Orí idẹ Benin kan nínú wọn, Switzerland ni wọ́n ti rí i ní 1990, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lù ú ní gbàǹjo. Lágbègbè Nok pàápàá, àwọn tó ń wú ère tà ń fi òru ṣọ̀sán. Ìjọba Faransé ra mẹ́ta nínú irú ère bẹ́ẹ̀, méjì Nok, ọ̀kan Sokoto, wọ́n sì pàtẹ wọn sí Louvre ní Paris ní 2000. Ariwo ta. Ní 2002, Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, àmọ́ àdéhùn ni pé kí wọ́n wà lọ́hùn-ún fún ọdún 25. Onínǹkan wá di ẹni tó ń yáni ní nǹkan tí kò fọwọ́ ara ẹ̀ gbé jáde.

Kí ló kan àwa nínú ẹ̀? Ó kàn wá lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, àlejò ni wá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibí la bí ọ̀pọ̀ wa sí. Lẹ́yìn wàhálà September 2001, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa jẹ́ kọ́mọ rìn kọjá àdúgbò. Àwọn ọmọ wá dàgbà láìmọ ohunkóhun nípa onílé ju ohun tí wọ́n ń gbọ́ nígbà ìjà lọ. Ọmọ tó bá rí ohun tí àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí fi ọwọ́ wọn ṣe kò ní fojú kékeré wò wọ́n.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká wo ilé wa. Ère ìbejì ìyá àgbà dà? Aṣọ òkè ìgbéyàwó ìyá wa ńkọ́? Àwòrán bàbá tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojúirin wá sí Jos, ta ló kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀? Nígbà tá a bá lọ ọdún nílé, a máa ń gbọ́ pé ẹnì kan wá láti ìlú ńlá, ó ra ère àtijọ́ lówó tí kò tó owó epo ọkọ̀. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú yàrá ìyá àgbà. Àwa la wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ìsinmi iléèwé tó ń bọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan bá wọn lọ, kó sọ fún wọn nípa ayé tánganran àti ojúirin. Kí olúkúlùkù sì kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn àwòrán àtijọ́ tó wà nílé ẹ̀. Ohun a ní là á náání. Àwa mẹ́rin ti mú ọjọ́ tiwa, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni, ọmọ méje ló ń bá wa lọ. Ẹni tó bá fẹ́, kó bá wa níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun wa di ohun tá a ó máa wọkọ̀ lọ wò nílé onílé. Àmín.